Olè Tó Da Aṣọ Sílẹ̀, Tó Gbé Àpótí

Ọ̀rọ̀ olè ayé ìsinsìnyí ti sú mi. N kò sọ pé mo fẹ́ràn ti àtijọ́ o. Kò sí olè tó dáa. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́, èèyàn mọ ohun tó ń wá, èèyàn sì mọ ohun tí òun máa tì mọ́lé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní agbo ilé wa lẹ́yìn ọjà Ìpàta ní Ìlọrin, aṣọ ni olè ń jí. Bí o bá sá aṣọ sórí okùn, tí o ní kí o sáré wọlé lọ kírun, kí o tó sálámà, okùn nìkan ni wàá bá. Ìyá mi kì í fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn kó lọ síbì kankan. Yóò gbé àpótí ìjókòó sídìí rẹ̀, yóò mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ dání, yóò máa kà á lọ títí aṣọ yóò fi gbẹ. Bí òjò bá ṣú, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n ti jà lólè.

Lẹ́yìn aṣọ, ó kan adìẹ. Lẹ́yìn adìẹ, rédíò. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé gíga, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń gbé, gbogbo ilé sì ń de irin mọ́ fèrèsé bíi ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, wọ́n kọjú sí jẹnẹrétọ̀. A wá ń gbé jẹnẹrétọ̀ wọ yàrá sùn, òórùn epo rẹ̀ ń dí wa nímú. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni tèmi lọ sí. Láti Ìpàta ni mo ti ń bọ̀, mo gbé iṣu lé itan, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, nítorí mo rò pé bí olè bá wà nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, iṣu ló máa gbé. Iṣu dé ilé ní Fate. Fóònù kò dé.

Ní báyìí, irin ni. Irin, páànù, wáyà, gbogbo ohun tí wọ́n bá ti lè gbé lọ fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń ra àlòkù. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Fate. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ni agogo wa. Wọ́n jí i. Wọ́n jí ọ̀pá tí a fi ń lù ú pẹ̀lú. Bí a bá fẹ́ pe àwọn ọmọ wọlé báyìí, ọ̀gá wa á jáde síta, á máa pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́. Ní mọ́sáláṣí àdúgbò ìyá mi, wọ́n tú ẹnu ẹ̀rọ omi lọ. Ẹnu ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn fi ń ṣe àlùwàlá! Ní agbo ilé kan tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n ṣí ìdérí kànga gbé, àgbò kan sì já sínú rẹ̀. Àwọn tó ń yọ ọ́ ń ṣépè lókè, àgbò ń ké nísàlẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti sílíńdà gáàsì mi. Mo gbé ẹ̀wà kaná lẹ́yìn ilé, mo ní kí n yà gba alùbọ́sà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Nígbà tí mo padà dé, kò sí sílíńdà, kò sí ohun tí ìkòkò ń jókòó lé. Ìkòkò ẹ̀wà mi wà nílẹ̀, ó ṣì ń hó díẹ̀díẹ̀, ọmọrí rẹ̀ wà lórí rẹ̀ dáadáa. Olè náà rọra gbé e kalẹ̀, ó dé e kí eṣinṣin má baà kó sí i. Ẹ gbà mí! Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wà ló gbé, n ó ní ebi ló ń pa á, n ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún un. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀wà mi, tó wá jí iná lábẹ́ rẹ̀, irú èèyàn wo nìyẹn?

Gbogbo àyípadà yìí, ìyá mi kò bá a lọ. Lójú tirẹ̀, olè ni olè, aṣọ ni olè ń jí, ó parí. Fóònù rẹ̀ máa ń wà lójú fèrèsé. Sílíńdà gáàsì rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní gbangba, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ti lè kí i. Ṣùgbọ́n àpótí páànù tó kó aṣọ sí wà nínú yàrá, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wọn sì wà ní kókó etí ìró rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bàbá wa tó ti ṣaláìsí ló rà á fún un nígbà ìgbéyàwó wọn: àpótí ńlá aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ya òdòdó pupa sí lórí.

"Ìyá, ta ló ń jí aṣọ mọ́ láyé ìsinsìnyí?" mo máa ń bi í. "Ẹ gbé fóònù yín wọlé, ẹ gbé sílíńdà yín wọlé."

"Ìwọ gbé tìẹ wọlé ná," lèsì rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà mi.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó kọ́kọ́ ń fi àgbo lé e, ó ń fi ẹ̀rín bò ó, títí di ọjọ́ tí kò lè foríkanlẹ̀ nírun mọ́, tó wá ń kírun lórí àga. A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà, obìnrin kan tí kò dàgbà tó mi, ṣàlàyé fún wa pẹ̀lẹ́tù pé kókó kan ń dàgbà nínú ikùn rẹ̀, pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kíá, kó tó di nǹkan tí apá kò ní ká mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń dáko ní Òkè-Oyi, wò mí, èmi náà wò ó. A ti múra ìjà sílẹ̀. Obìnrin tó ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí abẹ́rẹ́, ta ló fẹ́ sọ fún un pé wọ́n máa la òun níkùn? Ṣùgbọ́n orí ló kàn mì.

"Kò burú," ó ní. "Mo ti múra."

Mo rò pé àdúrà ló ń sọ. Inú mi dùn débi pé n kò wádìí. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wa, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní ká máa wá ṣe àwọn àyẹ̀wò tó kù.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọkùnrin agbo ilé ti lọ kírun, àwọn obìnrin wà lọ́jà. Ọ̀sán gangan ni. Olè ìsinsìnyí kì í fi oorun rẹ̀ ṣòfò. Nígbà tí a dé, ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi ti ya, sílíńdà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti lọ, aṣọ sì kún ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tú ìsọ̀ aláṣọ. Aṣọ òfì tó fi ṣe ìyàwó, léèsì rẹ̀, ìborùn rẹ̀ olówùú dáradára, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà sílẹ̀. Àpótí nìkan ni kò sí. Olè náà kò tilẹ̀ bá àgádágodo ṣeré rárá. Ó já àpótí náà níbi tí wọ́n ti so ìdérí mọ́ ọn lẹ́yìn, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ó gbé páànù rẹ̀ lọ pẹ̀lú àgádágodo méjèèjì.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo kúnlẹ̀ sáàrin aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ìyá, ẹ wò ó! Gbogbo ẹ̀ pé! Aṣọ yín pé! Wọn ò mú nǹkan kan!"

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀, ó wo ibi tí àpótí ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó wá lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀kadà dé láti Òkè-Oyi. Ó lọ fi tó àwọn fijilanté létí, wọ́n bi í pé kí ni wọ́n jí. Ó ní àpótí páànù àti sílíńdà gáàsì. Wọ́n ní kí ló wà nínú àpótí náà. Ó ní aṣọ, ṣùgbọ́n olè kò gbé aṣọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. A gbà pé Ọlọ́hun ló yọ wá. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dín wàínà, a fi ṣe sàráà, a pín in yí ká àdúgbò. Gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ń sọ pé olè yìí mà yẹpẹrẹ o, ẹni tó fi aṣọ òfì sílẹ̀, tó ru páànù. Ìyá mi ń ṣe àmín sí gbogbo àdúrà wọn. Nígbà tí èrò túká, ó pè mí.

"Ẹ lọ sọ fún dókítà pé n ò wá mọ́."

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. "Ẹ ò wá ibo?"

"Ọsibítù. N ò wá mọ́."

Bí ìjà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀bẹ̀, mo jágbe, mo tún padà bẹ̀bẹ̀. Mo ní ṣé ẹ̀rù ń bà á ni, ó ní rárá. Mo ní ṣé àpótí ọkọ rẹ̀ ló ń dùn ún, pé ẹ̀gbọ́n mi á ra òmíràn tó dára jù ú lọ, ó ní ká má náwó sórí àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé sùúrù, sùúrù. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Bí ilé bá ń jó, sùúrù ni yóò fi pa á. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyá mi ń rù sí i, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò níkùn. Mo máa ń ti Fate wá lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́, n ó sì fi ìbínú padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé a ó sin ín nítorí agídí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló là mí lójú, ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa. Òun àti ìyá mi jọ lọ sí Mẹ́kà lọ́dún kan náà, nígbà tí bàbá wa ṣì wà láyé. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Ariwo ẹnu ẹ pọ̀, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé o ti bi í ní ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí?"

"Gbogbo aṣọ ló pé, Ìyá. Èmi ni mo ká wọn."

"Lìkáfànì ẹ̀ ńkọ́?"

Lìkáfànì ni aṣọ funfun tí a fi ń di òkú kí a tó gbé e lọ sin. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa tó lọ sí Mẹ́kà ní àtijọ́ máa ń ra tiwọn níbẹ̀, wọ́n á fi omi sàmúsàmù, omi mímọ́ ibẹ̀, fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á ká a wálé. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi han ọmọ. Ọ̀rẹ́ kan ni yóò mọ ibi tó wà, ọ̀rẹ́ yẹn ni yóò sì wá tọ́ka sí i lọ́jọ́ tí ọjọ́ bá pé. Ìdí àpótí ni ìyá mi tẹ́ tirẹ̀ sí, ó fi páálí bò ó, ó há páálí náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà ṣí. Nígbà tí olè da aṣọ nù, páálí kò kúrò níbi tó wà. Olè gbé lìkáfànì lọ, kò sì mọ̀ pé òun gbé e.

Àwa sì ń dín wàínà. A pe gbogbo àdúgbò wá bá wa yọ̀ lójú obìnrin tí wọ́n jí aṣọ ìkẹyìn rẹ̀ gbé, ó sì ń ṣe àmín.

Mo wọlé tọ̀ ọ́. "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ó mọ ẹni tó tú u fó. "Ṣé èèyàn máa ń pe ọmọ rẹ̀ jókòó ni, pé ẹ wá wo aṣọ tí ẹ ó fi sin mí?"

"Màá ra òmíràn fún yín lọ́la. Aṣọ funfun kún ọjà. Àwọn àfáà gan-an ti sọ pé kò di dandan kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi sàmúsàmù fọ̀."

"Mo gbọ́ wàásù ọ̀hún ṣáájú ẹ. N ò sọ pé ó di dandan." Ó fi ọwọ́ nu orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ń nu erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo jókòó tì í lórí òrùlé ilé tí a dé sí, lóòrùn ibẹ̀ yẹn, títí tó fi gbẹ. Bàbá yín ń pè mí pé kí n wá jẹun, n ò lọ. Nígbà tí mo ká a, mo mọ̀ pé kò sí ohun tó tún kù fún mi láyé tí n ò lè fi sílẹ̀. Ìyẹn ni mo fi sọ fún dókítà yẹn pé mo ti múra. Báyìí, n ò múra mọ́. Bí mo bá kú sábẹ́ ọ̀bẹ, n ò fẹ́ kí ẹ máa sáré kiri ọjà."

Mo kó sínú kẹ̀kẹ́, mo ń sunkún, mo ń bú olè lóhùn rara. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ rò pé òun ni mo ń bú.

A wá àpótí náà, a sì rí i. Lójú ọ̀nà Òkè-Oyi ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí àwọ̀ ewé láàrin òkìtì irin níbi tí wọ́n ti ń ra àlòkù. Ó pè mí, mo sáré lọ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pa pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Òdòdó pupa tó wà lórí rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ búra pé òfìfo ni òun rà á, pé kò sí páálí, kò sí aṣọ, pé òun kò sì mọ ẹni tó tà á. Mo gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń parọ́, ó tilẹ̀ ní ká máa gbé páànù náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí la fẹ́ fi ṣe? A fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó fi sùúrù ṣe ohun gbogbo, ló wá sọ ọ̀rọ̀ gidi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ká jẹ́ kí lèmámù kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní àwọn olè yìí, ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Bí wọn kò bá tilẹ̀ kírun, ìyá wọn á kírun. Ìyá mi kọ̀, ó ní ìtìjú ni. Nígbà tó yá, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dárúkọ òun.

Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Gbohùngbohùn mọ́sáláṣí kàn ké e dé ọ̀nà ọjà ni: "Ẹni tó gbé àpótí páànù ìyá Àlájà kan ládùúgbò wa yìí, lìkáfànì wà nídìí àpótí náà. A mọ̀ pé o ò mọ̀. Gbé aṣọ yẹn wá sójú fèrèsé mọ́sáláṣí. A ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Àpótí, Àlájà ti yọ̀ǹda ẹ̀." Nínú gbogbo ẹni tó ti jẹ wàínà wa, ta ni kò mọ Àlájà tí wọ́n ń sọ? Lójú ẹsẹ̀ ni èpè bẹ̀rẹ̀ lọ́jà, oríṣiríṣi, àwọn tó ń ta iṣu ló ṣáájú.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ládàánì mọ́sáláṣí, ẹni tó ń pe ìrun, kan ilẹ̀kùn wa pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ká sínú ọ̀rá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, mo ń pariwo rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ìyá mi gbà á, ó tú etí rẹ̀ wò.

"Kì í ṣe tèmi," ó ní. "Mo fi òwú búlúù ran igun tèmi."

Kí ó tó di ọ̀sán, ládàánì tún dé pẹ̀lú òmíràn. Ní ọjọ́ Àìkú, ó mú ẹ̀kẹta wá, ojú ń ti òun fúnra rẹ̀. Ó ní ojú fèrèsé kan náà ni òun ti ń bá wọn, pé òun kò rí ẹni tó gbé wọn síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tojú sú mi. Olè kan ló jà wá, báwo ni aṣọ ṣe di mẹ́ta? Ṣé wọ́n ń jí lìkáfànì káàkiri Ìlọrin ni, a ò gbọ́?

Ìyá mi ní kí n tẹ́ ẹní. Ó tẹ́ aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ti àkọ́kọ́ ti pọ́n díẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ká a, ó ń ta sánsán bí tùràrí. "Èyí pẹ́ nínú àpótí ju tèmi lọ. Ó ti tó ọjọ́ tí ẹni tó ni ín ti Mẹ́kà dé." Ó wọn èkejì mọ́ ara rẹ̀, kò gùn tó o. "Èèyàn kúkúrú ló ni èyí." Àwọn ìyá kúkúrú tó ti lọ sí Mẹ́kà ládùúgbò wa kò pọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ilé kejì kò ga ju èjìká mi lọ.

Ẹ̀kẹta, tuntun gbáú ni. Ìwé kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ lọ́jà ṣì wà létí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi omi kankan kàn án rí. Ìyá mi yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Èyí," ó ní, "olè ló rà á."

"Olè wo ló ń ra nǹkan, Ìyá?"

"Ta ló tún máa gbé aṣọ ọjà wá? Ti ọwọ́ ẹ̀ ti sọ nù, ó ti fi nu epo tàbí ó ti jù ú nù. Ẹ̀rù bà á." Ó ká a dáadáa ju àwọn yòókù lọ, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màá bá a tọ́jú ẹ̀. Òun náà ò ní wà láyé títí."

Mo bínú. Èmi tí mo ti fi èpè jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ kan, n kò ṣetán láti máa tọ́jú lìkáfànì fún olè. Mo fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń sunkún. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, n kò rí omi lójú rẹ̀. Ó gbé méjì tó kù lé ẹsẹ̀.

"Ẹ wo ohun tí àwọn ìyá yìí ṣe sí mi. Wọ́n tú àpótí wọn. Àwọn náà ń ṣàìsàn, àwọn náà ò mọ ọjọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bí mo bá lo tiwọn, kí làwọn máa lò? N ò lè fi aṣọ ẹlòmíràn kú."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọsibítù ti parí pátápátá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, mo mọ̀ pé sùúrù ló fẹ́ sọ, mo gbójú mọ́ ọn.

"Torí náà," ìyá mi ní, "ọjọ́ wo ni dókítà yẹn wí? Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe é kíá kí n padà wá dá aṣọ aláṣọ padà."

Ó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tì í lọ síbi iṣẹ́ abẹ, ó di dókítà yẹn lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, rọra ṣe é o. Aṣọ àyálò ló wà nílé mi." Dókítà wò mí pé kí ni Màmá ń sọ.

Wọ́n yọ kókó náà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó ti ẹnu ìyá mi jáde nígbà tó lajú ni pé kí n lọ dá aṣọ wọn padà. Mo gbé méjèèjì kiri agbo ilé dé agbo ilé. Gbogbo ìyá àgbà tí mo kanlẹ̀kùn rẹ̀ ló bú mi. Ọ̀kan ní ta ló sọ fún mi pé òun ní lìkáfànì, ṣé mo fẹ́ kí òun kú ni? Òmíràn ní ti òun wà níbi tó wà, kí n má wọ yàrá òun. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ilé kejì kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi gbogbo kúkúrú rẹ̀ dí i, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa aṣọ kankan, kí n kí ìyá mi.

Inú ń bí mi nígbà tí mo dé ọsibítù. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ròyìn gbogbo rẹ̀: olè jí nǹkan, a ò rí i mú, èèyàn fúnni ní nǹkan, wọ́n ní àwọn kọ́, èmi ni mo wá ń ru aṣọ òkú kiri ìlú bí ẹni ń kiri ọjà. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ibi tí wọ́n rán lára rẹ̀ mú, ó ń ké "yéè," ó sì ń rẹ́rìn-ín, títí omi fi bọ́ lójú èmi náà.

"Aṣọ mẹ́ta!" ó ní. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n fẹ́ kí n kú ná?"